Nígbà tí bàtà bọ́ọ̀lù bá bọ́ lẹ́sẹ̀: Ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù forí lé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá gbé òwe yìí lọ sí orí pápá bọ́ọ̀lù, ìbéèrè kan ló máa bí: níbo ni àwọn àgbà inú eré yìí wà nígbà tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù láìsí ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà? Ní Ìkáràm, ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà àti ní àwọn ìlú Àkókó yòókù, bí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ á ti tú jáde pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, yálà lórí pápá ilé ìwé ni o tàbí lórí ilẹ̀ gbalasa tó wà láàárín àdúgbò. Ọmọ tó lẹ́bùn kò wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó wọ́n ni ẹni tó ti fi bọ́ọ̀lù jẹun rí, tó sì tún mọ bí wọ́n ṣe ń fi í kọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ yìí lójú méjì. Bí àwọn ọmọ ṣe ń wá olùkọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fi ọjọ́ ayé wọn tó kù ṣe. Ó wá dà bí ìgbà tí omi wà nínú àmù, tí òùngbẹ sì ń gbẹ àwọn ará ilé.

Ìgbà kò lọ bí òréré

Iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò dà bí iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí iṣẹ́ tíṣà. Àgbẹ̀ Ìkáràm tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ṣì lè kọ ebè, kó sì tún gun òkè lọ sí oko kòkó rẹ̀. Tíṣà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù tó bá ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún 35, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù á ti máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọn á rí ọmọ tuntun. Ọjọ́ orí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè lẹ́nu iṣẹ́ tiwọn gan-an ni tirẹ̀ ń parí. Bí kò bá kọ́ṣẹ́ mìíràn, tí owó tó kó jọ kò sì pọ̀, ayé lè yí bìrí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìtàn Wilfred Agbonavbare kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn tó ń tẹ̀lé eré bọ́ọ̀lù. Aṣọ́lé ni, ó wà nínú ikọ̀ Super Eagles tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1994, ó sì bá wọn lọ sí ìdíje ife àgbáyé ní Amẹ́ríkà lọ́dún kan náà. Nílẹ̀ Spain, àwọn ololùfẹ́ ẹgbẹ́ Rayo Vallecano fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Nígbà tí eré parí, àìsàn jẹjẹrẹ mú ìyàwó rẹ̀, owó sì ń ya lọ lọ́wọ́ ọkọ. Ọkùnrin tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń pariwo orúkọ rẹ̀ di ẹni tó ń gbé ẹrù àwọn arìnrìn-àjò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ìlú Madrid. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, àìsàn jẹjẹrẹ pa òun náà nílẹ̀ Spain. Kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ohun tó ń dunni ni pé gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ilé, kò pọ̀ nínú rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ ilé ní ilé ìwé wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Howard

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọn kì í fi eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ gíga ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe bí ó bá ti wù wọ́n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá jẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì tó ń gba owó oṣù. Ó ní àwọn igbákejì. Òun ló ń wá ọmọ tó lẹ́bùn kiri, ilé ẹ̀kọ́ á sì fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Òun náà ló ń ṣọ́ ọ kí ó má bàa pa ìwé tì, nítorí pé ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá já wálẹ̀ jù kò ní láǹfààní láti wọ pápá. Irú iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù jẹun forí lé nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì.

Ọ̀kan nínú wọn ni Lincoln Phillips, ọmọ orílẹ̀-èdè Trinidad and Tobago. Aṣọ́lé lòun náà, ó gbá bọ́ọ̀lù jẹun fún Baltimore Bays àti Washington Darts. Ní 1970, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Yunifásítì Howard ní ìlú Washington, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí jù. Àwọn ọmọ tó wá láti Áfíríkà àti láti àwọn erékùṣù Caribbean ló pọ̀ nínú ikọ̀ rẹ̀. Ní 1971, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ NCAA, ìyẹn àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, NCAA ní àwọn ọmọ kan nínú ikọ̀ náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì gba ife náà padà.

Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé ó tán. Phillips kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí pápá. Ní 1974, ikọ̀ Howard gbá bọ́ọ̀lù nígbà 19, wọ́n sì borí nígbà 19. Ìlú Saint Louis ni wọ́n ti gbá àṣekágbá, pẹ̀lú ikọ̀ Yunifásítì Saint Louis tó jẹ́ onílé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fi àsìkò kún àsìkò kí Kenneth Ilodigwe, ọmọ Nàìjíríà, tó gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé, tó sì di 2-1. Nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, Howard ló kọ́kọ́ gba irú ife bẹ́ẹ̀ ní ìpele tó ga jù lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbà á padà lọ́wọ́ wọn.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà Amẹ́ríkà là fún àwọn ọmọ wa. Thompson Usiyan lọ sí Yunifásítì Appalachian State ní North Carolina, nígbà tó fi máa parí ní 1980, góòlù 109 ló ti gbá wọlé, àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Sam Okpodu gbá bọ́ọ̀lù fún NC State, ìpínlẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ikọ̀ àwọn obìnrin ní Virginia Tech, kí ó tó wá darí Super Falcons lọ sí ìdíje ife àgbáyé àwọn obìnrin ní 2003. Michael Emenalo kàwé, ó sì gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Boston kí ó tó bá Super Eagles lọ sí ife àgbáyé 1994. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ló ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù ní ìlú Tucson. Láti ibẹ̀ ló ti dé Chelsea ní 2007, ó sì di ọ̀gá ètò bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà ní 2011. Ẹni tó bá fojú kékeré wo iṣẹ́ kíkọ́ ọmọdé, kí ó rántí ìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ ká fiyè sí. Todd Yeagley tó gbá bọ́ọ̀lù fún Columbus Crew di ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Yunifásítì Indiana ní 2010, ó sì gba ife NCAA ní 2012. John Kerr tó gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní England àti ní Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ kan náà ní Yunifásítì Duke ní 2008. Indiana ni Yeagley ti kàwé, Duke ni Kerr ti kàwé. Àwọn méjèèjì padà sí ilé ẹ̀kọ́ tó tọ́ wọn dàgbà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà sì ni ọmọ tó bá lọ sí ìrìn àjò ń padà sí.

Tiwa náà kò ṣàìní àpẹẹrẹ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun òyìnbó nìkan ni. Ní 1956, Fadá Denis Slattery, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó wá láti ilẹ̀ Ireland, dá St Finbarr's College sílẹ̀ ní Èkó. Ìwé, bọ́ọ̀lù àti ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n jọ fi ń tọ́ ọmọ níbẹ̀. Stephen Keshi àti Henry Nwosu jáde láti ibẹ̀. Keshi ló jẹ́ balógun ikọ̀ tó gba ife Áfíríkà ní 1994. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò jókòó ti orúkọ tó ti ní, ó lọ kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Amẹ́ríkà. Ó mú orílẹ̀-èdè Togo yege fún ìdíje ife àgbáyé 2006, ó sì tún gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà ní 2013 gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì nìkan ló ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọdún 2016 ni Keshi jáde láyé.

Emmanuel Amuneke, tó gbá góòlù méjì wọlé nínú àṣekágbá 1994 yẹn, kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, wọ́n sì gba ife àgbáyé ní Chile ní 2015. Florence Omagbemi tó jẹ́ balógun Super Falcons rí gba ife Áfíríkà àwọn obìnrin ní 2016 gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ohun tí ọkùnrin lè ṣe nínú iṣẹ́ yìí, obìnrin náà ti fi hàn pé òun lè ṣe é.

Nínú àwọn ọmọ Yorùbá, àpẹẹrẹ méjì ló ṣe kókó. Olóyè Adégbóyè Onígbindé ti Modákẹ́kẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí lórí pápá. Tíṣà ni. Ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ló fi bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó mú ikọ̀ orílẹ̀-èdè wa dé àṣekágbá ife Áfíríkà, ní 1984, òun náà ló sì kó Super Eagles lọ sí ife àgbáyé ní 2002. Ẹnì kejì ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, ó sì gbá góòlù méjì wọlé nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 nínú àṣekágbá 1980. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó dá ilé ìwé girama kan sílẹ̀ ní Wasinmi, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ọmọ ti lè kàwé kí ó sì tún kọ́ eré ìdárayá láìfi ọ̀kan pa èkejì lára.

Bí a bá fi àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ̀kọ́ tó jáde hàn kedere. Tíṣà lè di akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ayé ń gbọ́ nípa rẹ̀, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù náà sì lè di olórí ilé ìwé. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó máa kọ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù kò fi pọ̀ ní àwọn yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa? Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé ẹ̀rí. Iṣẹ́ ìjọba ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, iṣẹ́ ìjọba sì ní àkàbà tirẹ̀. Ẹni tí kò ní NCE, dípúlómà tàbí dìgírì kò lè gun àkàbà náà jìnnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbá bọ́ọ̀lù dé òkè òkun. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì pa ilé ìwé tì ní kékeré nítorí bọ́ọ̀lù. Ìwé tí wọ́n pa tì nígbà náà ló ń dènà mọ́ wọn lẹ́yìn ogún ọdún.

Ohun kejì ni pé mímọ bọ́ọ̀lù gbá yàtọ̀ sí mímọ̀ ọ́n kọ́ni. Ẹni tó mọ ijó jó lè má mọ bí yóò ṣe kọ́ ẹlòmíràn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé ìwé ní láti mọ ara ọmọ tó ń dàgbà, kí ó mọ ìgbà tó yẹ kí ọmọ sinmi, kí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí orúnkún tó bá yẹ̀, kí ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tó fìdí rẹmi sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí àjọ CAF fi ṣètò ìwé àṣẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìpele ìpele, láti D, C, B àti A, títí dé èyí tí wọ́n ń pè ní Pro. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tijú, gbajúmọ̀ kì í fo àkàbà.

Ohun kẹta ni bí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ṣe ń ṣe eré ìdárayá. Láti 1966 tí wọ́n ti ṣe NUGA àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn ni àwọn yunifásítì ti ń díje, àwọn pólì ní NIPOGA, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni sì ní NICEGA. Àmọ́ ìdíje tí kì í wáyé lọ́dọọdún kì í bọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Bí ìdíje bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sáré kó ikọ̀ jọ, bí ó bá sì parí, oníkálùkù á gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí líìgì àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ń pè ní HiFL bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tí àwọn ikọ̀ bíi UI Pirates, OAU Giants àti UNILAG Marines ń gbá bọ́ọ̀lù nílé àti lẹ́yìn odi, àwọn èèyàn rí i pé ọmọ ilé ìwé lè kó òǹwòran jọ. Ibi tí líìgì bá wà, iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Kí ni Àkókó lè ṣe?

Àkókó kì í ṣe ibi tí ilé ẹ̀kọ́ ti wọ́n. Láti òpin ọdún 1999 ni yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Adékúnlé Ajáṣin lónìí, ti wà ní Àkùngbá, láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Pólì Rufus Gíwá wà ní Ọ̀wọ̀, kò jìnnà. Àwọn ilé ìwé girama wà káàkiri, Victory College ti Ìkàrẹ́ sì wà lára àwọn tó ti pẹ́. Ìkáràm fúnra rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, wà lára àwọn ìlú méjì péré tí wọ́n mú ní Nàìjíríà fún ètò Millennium Village tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tì lẹ́yìn. Ìlú tó ti gba irú ètò bẹ́ẹ̀ lálejò kò ní ṣàjèjì sí ohun tuntun.

Bọ́ọ̀lù náà kò ṣàjèjì ní ìpínlẹ̀ yìí. Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje CAF Champions League ní 2012. Àwọn tó gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ti ń dàgbà báyìí. Ibi tí wọn yóò lọ lẹ́yìn èyí ló yẹ kó kan ìjọba, ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ọba ìlú.

Àwọn ọ̀nà kan wà tí kò ní ná èèyàn lówó púpọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga lè gba àgbà agbábọ́ọ̀lù síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí wọ́n sì fún un láǹfààní láti máa kàwé lọ. Bí ó bá fi máa pé ọdún mélòó kan, yóò ti ní ìwé ẹ̀rí, ilé ẹ̀kọ́ náà yóò sì ti jàǹfààní ohun tó mọ̀. Ẹni tó fẹ́ NCE lè ka ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera ní Adéyẹmí ní Oǹdó, ẹni tó fẹ́ dìgírì lè lọ sí ẹ̀ka Human Kinetics ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tó sì fẹ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá gan-an lè forúkọ sílẹ̀ ní National Institute for Sports ní Sùúrùlérè, l'Ékòó. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun, tí wọ́n máa ń dáwó fún ẹ̀rọ omi àti gbọ̀ngàn ìlú, lè san owó ìwé àṣẹ ìpele D fún ọmọ ìlú kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù jẹun rí, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò padà wá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama fún iye ọdún kan.

Àwọn òbí náà ní ipa tiwọn. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ṣì ń na ọmọ nítorí bọ́ọ̀lù, wọ́n ní iṣẹ́ ìpáǹle ni. Àwọn mìíràn sì wà, ojú òkè òkun nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n á yọ ọmọ kúrò nílé ìwé kí ó lè di olówó kíákíá. Àwọn méjèèjì ló ṣìnà. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Àkókó, bóyá ni ọ̀kan yóò fi í jẹun nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn yòókù ńkọ́? Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn bá jẹ́ ẹni tó ti rìn ojú ọ̀nà náà rí, tó sì ti rí ibi tó pin sí, òun ni yóò sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fi ìwé sílẹ̀.

Ìyẹn gan-an ni èrè tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ife ẹ̀yẹ dára, ẹni tó bá gbà á kò ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ní olùkọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù, tó sì mọ ìwé, kò ní pòfo bí kò tilẹ̀ dé Super Eagles. Ó lè di tíṣà, dókítà, rẹfirí, tàbí akọ́nimọ̀ọ́gbá fún àwọn ọmọ mìíràn ní Ìkáràm. Bí iná bá kú, á feérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, á fọmọ ẹ̀ rọ́pò. Kí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù wá sí ilé ìwé, kí ilé ìwé sì ṣílẹ̀kùn fún wọn.